Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Ẹnu Kó Má Baà Kó Bá Ara, Kí Ara Náà Má Sì Kó Bá Ẹnu

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí orí bá fọ́ wa fún ọjọ́ méjì a máa lọ wọn BP, tí inú bá ń run wá a máa wá nǹkan lò, àmọ́ erìgì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti Àjíǹde títí di Kérésì, a kàn máa tu ẹ̀jẹ̀ yẹn sí gọ́tà, a fomi yọ ẹnu, a bá tiwa lọ. A ti gbà lọ́kàn wa pé tí eyín ò bá ti dunni, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn aláboyún àtàwọn àgbà tó ní ṣúgà ni mò ń bá ṣe jù, mo sì fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé ẹnu ò dá dúró. Ohun tó bá ń ṣe é máa ń dé ọkàn, ó máa ń dé ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá sì ń ṣe ara lè kọ́kọ́ yọjú lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn wà níbì kankan.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo nǹkan funfun rírọ̀ yẹn tó máa ń tẹ̀ lé èékánná tẹ́ ẹ bá ha eyín yín láàárọ̀, kòkòrò ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Oríṣi kòkòrò tí wọ́n ti rí nínú ẹnu èèyàn lé ní 700, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló burú o. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́ kúrò lójoojúmọ́, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ó máa le gbagidi, kò ní sí búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò tó lè yọ ọ́ mọ́, àfi kí wọ́n bá yín ha á ní clinic. Erìgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eyín, kòkòrò á rí àlàfo sá pamọ́ sí, egungun tó gbé eyín dúró á máa jẹ dànù díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má dùn yín rárá títí eyín á fi máa mì. Erìgì tó ti gbọgbẹ́ yìí ni kòkòrò máa ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹun tàbí tẹ́ ẹ bá ń fọyín. Ara tó le máa ń pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ara tó ń jagun lójoojúmọ́ ò lè wà bí èyí tó sinmi. Wọ́n ti rí i pé àwọn tí erìgì wọn bàjẹ́ gan-an ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń pọ̀ láàárín wọn ju àwọn yòókù lọ. Mi ò sọ pé erìgì nìkan ló fà á o, torí sìgá àti ṣúgà náà máa ń ba méjèèjì jẹ́ pa pọ̀. Àmọ́ ẹni tí fáàfù ọkàn ẹ̀ (ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa nínú ọkàn) ti bàjẹ́, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù fún, tiẹ̀ yàtọ̀, kòkòrò ẹnu lè lọ dúró sára fáàfù yẹn kó sì pa á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà eyín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀, torí ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù fún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oògùn tó ń pa kòkòrò kí wọ́n tó yọ eyín ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ṣúgà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára jù. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ga, itọ́ ẹ̀ máa ń dín kù, ẹnu ẹ̀ á máa gbẹ, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á rẹlẹ̀, nítorí náà erìgì ẹ̀ á tètè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíì lọ. Èyí tọ́pọ̀ ò mọ̀ ni pé erìgì tó wú yẹn náà kì í jẹ́ kí ínsúlínì, ìyẹn èròjà tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣiṣẹ́ dáadáa lára, ṣúgà á tún wá ga sí i. Ẹ máa rí màmá kan tó ń lo metformin, oògùn ṣúgà wọn, lásìkò, wọ́n ti fi mínírà sílẹ̀, wọ́n ti dín ẹ̀bà kù, síbẹ̀ ṣúgà ò sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ilé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí wọn pé wọ́n ń jí nǹkan jẹ ní kọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kí màmá ya ẹnu káwọn wò ó. Tí wọ́n bá tọ́jú erìgì yẹn dáadáa ní clinic, ṣúgà máa ń wálẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń hàn nínú tẹ́ẹ̀sì tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ìyẹn HbA1c. Oògùn ṣúgà ò ní í torí ẹ̀ di nǹkan à ń pa tì o, ẹ máa lo tiyín lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé tẹ́ ẹ bá ní ṣúgà, ẹ fi dókítà eyín kún dókítà tẹ́ ẹ̀ ń rí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ ní in, tí erìgì yín bá ń wú tó ń lọ tó ń bọ̀, tàbí tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìsí pé ẹ ṣubú, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Tó bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un ṣe tó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ó yá, kí la máa ṣe nílé?

Mo mọ̀ pé pákò lọ̀pọ̀ yín ń lò, mi ò sì ní bá yín jà lórí ẹ̀. Orín ata, orín ìdí, pákò ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ló dáa, Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ń lo orín máa lò ó. Ibi tó kù sí ni bá a ṣe ń lò ó. Èèyàn á fi pákò sẹ́nu láti ilé dé ojúde, á máa kí ará ilé, á máa kí ará òde, iwájú eyín nìkan ni pákò ń bá ṣeré, ẹ̀yìn eyín àti àwọn eyín ńlá tó wà nínú lọ́hùn-ún ò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ ẹnu pákò títí á fi rọ̀ dáadáa, kó má máa gún erìgì, ẹ wá fà á látorí erìgì wá sí orí eyín, níta, nínú, lórí, gbogbo eyín. Àmọ́ pákò ò ní fluoride tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, fluoride yìí ló sì ń jẹ́ kí eyín le kí akokoro má tètè mú un. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi pákò lò láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lò lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Tálẹ́ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń dín kù tá a bá sùn, kò sí nǹkan tó máa bá wa fọ oúnjẹ kúrò. Àwa ọmọ Ajílété tí wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ń jẹ ọkà kó tó mu ẹ̀kọ, a kì í fi oúnjẹ alẹ́ ṣeré, ẹ má jẹ́ ká fi oúnjẹ yẹn sùn sẹ́nu.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ soft sí. Àwọn kan gbà pé èyí tó le ló ń fọ̀ mọ́, rárá o, ṣe ló ń ha erìgì lọ sókè. Ìṣẹ́jú méjì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ da búrọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kó kan ibi tí erìgì àti eyín ti pàdé, ẹ máa yí i kékeré kékeré, ẹ má fi agbára gbo ó. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tu fóòmù dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ọ́ kúrò, kí fluoride lè dúró lára eyín. Mo mọ̀ pé èyí máa ṣòro fún wa torí a fẹ́ràn ká yọ omi sẹ́nu gbùkùgbùkù, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ fọ ahọ́n náà, òórùn ẹnu pọ̀ níbẹ̀. Tó bá ti tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí tí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti ń ya kiri, ẹ ra òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ má torí ẹ̀ dá ibẹ̀ sí, torí ibi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ rọra fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí ò dáwọ́ dúró, clinic yá.

Àárín eyín ńkọ́? Àsìkò máńgòrò nílùú yìí, ẹ̀yin náà mọ bí okùn máńgòrò ṣe máa ń há sáàárín eyín, àwọn kan á fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, àwọn kan á fi pínnì. Ẹ má ṣe é mọ́. Òwú ìfọyín wà ní kẹ́míìsì àti súpámákẹ́ẹ̀tì, floss ni kẹ́ ẹ pè é fún wọn, ẹ fi sáàárín eyín jẹ́ẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ sì fi gbá ara eyín méjèèjì lókè-nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó.

Èédú, iyọ̀ háráhárá, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi fọyín kó lè funfun, ẹ fi sílẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ara eyín, èyí tó bá sì ti jẹ ò ní í hù padà.

Lórí oúnjẹ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Iye ìgbà tí nǹkan dídùn kan eyín lóòjọ́ ló ń ba eyín jẹ́ ju bó ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan náà lọ, torí gbogbo ìgbà tí ṣúgà bá ti wọlé ni kòkòrò máa sọ ọ́ di nǹkan kíkan tó ń jẹ eyín fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lá mínírà kan díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe eyín ẹ̀ léṣe ju ẹni tó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ lọ. Ẹ pọ́n omi mu. Wàrà dáa gan-an fún eyín, ẹ̀fọ́ dáa, ẹ̀pà dáa. Tábà ò dáa rárá, ì báà jẹ́ sìgá tàbí áásà, torí tábà máa ń bo erìgì mọ́lẹ̀, kò ní í jẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ mú dígí àti tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ yẹ ẹnu yín wò fúnra yín. Mo fẹ́ràn ọjọ́ Sátidé torí ara máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ẹ fa ètè sókè, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ wo erìgì, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ na ahọ́n jáde, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tí erìgì àti ahọ́n bá funfun jù, tí ahọ́n ń dán tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu sì ń là, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun bíi wàrà tó ṣeé ha kúrò, tí abẹ́ ẹ̀ sì pọ́n, lẹ́nu àgbàlagbà, ó yẹ kẹ́ ẹ yẹ ṣúgà wò, kẹ́ ẹ sì yẹ HIV wò náà láìbẹ̀rù, torí oògùn ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fa ínhélà fún ikọ́ fée náà lè rí irú nǹkan funfun yìí tó bá jẹ́ èyí tó ní steroid nínú, ẹ máa yọ omi sẹ́nu kẹ́ ẹ tu ú dànù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fà á tán. Egbò ẹnu tó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí ò jinná, kódà tí ò dùn yín, kódà tó kéré, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ èyí kó wọ̀ yín létí tó, jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá dunni ló sábà máa ń ti pẹ́. Ohun kan tún wà, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó ń ro èèyàn lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń gòkè, tí àyà ń fún un tí òógùn sì ń bò ó, kì í ṣe eyín nìyẹn o, ó lè jẹ́ ọkàn, hospitù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò náà lè ṣe nǹkan sẹ́nu. Amlodipine tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń jẹ́ kí erìgì àwọn kan hù bo eyín, pàápàá tí ẹnu ò bá mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni phenytoin tí wọ́n ń fún àwọn tó ní wárápá. Àwọn oògùn tó ń jẹ́ ká tọ̀ dáadáa lè mú ẹnu gbẹ. Ẹ má torí èyí dáwọ́ oògùn dúró, mo bẹ̀ yín, rọpárọsẹ̀ ò dáa. Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ó lè pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń lo warfarin tàbí aspirin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, náà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó yọ eyín yín.

Ẹ̀yin aláboyún, oyún máa ń jẹ́ kí erìgì wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, torí hormone, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe fúnra ẹ̀, tó pọ̀ sí i nínú yín, kì í ṣe pé ẹnì kan ń ṣe yín. Ẹ máa fọ ẹnu lọ. Tẹ́ ẹ bá bì, ẹ má fọyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi omi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ìyá àgbà máa ń sọ pé aboyún ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè lọ, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń rọrùn jù fún ara yín, ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ lóyún. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí erìgì wọn bàjẹ́ gan-an máa ń bímọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tàbí tó kéré ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tetracycline fún yín, rẹ́ẹ̀dì-ànd-yẹ́lò yẹn, torí ó máa ń sọ eyín ọmọ di pupa rúsúrúsú, kò sì yẹ ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́jọ náà.

Ọmọ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ọṣẹ tó mọ bíi hóró ìrẹsì títí á fi pé ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ fi í tó hóró ẹ̀wà. Ẹ má fi fídà ẹ̀kọ tó ní ṣúgà sí i lẹ́nu sùn. Eyín híhù lè jẹ́ kí ọmọ máa da itọ́ kó sì máa sunkún, àmọ́ ibà tó gbóná gan-an àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe ti eyín, ẹ gbé ọmọ lọ hospitù, ẹ má ra oògùn eyín fún un. Lọ́dún 2008, oògùn eyín ọmọ kan tí diethylene glycol wà nínú ẹ̀ pa àwọn ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà yìí. Ọmọ tí ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe éèyi, tí erìgì ẹ̀ bá dá egbò tó ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sì ń wú, ẹ má fi falẹ̀ ọjọ́ kan. Noma ni wọ́n ń pe àrùn yẹn, ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn àrùn tí wọ́n pa tì, apá Àríwá ló pọ̀ sí jù, tí wọ́n bá tètè mú un, oògùn, oúnjẹ àti ìmọ́tótó ẹnu lè dá a dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ní SS (àìsàn ẹ̀jẹ̀ sickle cell) nílé, eyín tó bá ti jẹrà lè ru kráísìsì, ìyẹn ìrora líle wọn, sókè bíi gbogbo àrùn míì tó bá wọ ara wọn, ẹ má fi eyín wọn ṣeré.

Ẹni tó ti dàgbà tó ń sùn gbalaja nílé, ẹ bá a fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí omi má baà gba ọ̀nà èémí ẹ̀ wọlé. Àwọn kòkòrò ẹnu tí kò mọ́ lè bá itọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó máa ń pa arúgbó. Eyín àtọwọ́dá ẹ máa bọ́ ọ lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi tútù.

Tí eyín bá ń ro yín, ẹ má da omi bátìrì sí ihò ẹ̀, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí ògógóró sí i, wọ́n máa ń jó erìgì, kòkòrò tó wà nísàlẹ̀ eyín á sì dúró síbẹ̀. Ampiclox àti Flagyl tẹ́ ẹ̀ ń rà lórí tábìlì nítòsí Tákíé nílùú wa níbí lè jẹ́ kó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, á padà wá. Tí abẹ́ àgbọ̀n bá wá wú, tó le, tí ẹ ò lè la ẹnu dáadáa, tí itọ́ ń dà torí ẹ ò lè gbé e mì, tàbí tí èémí ń ṣòro, ẹ má dúró di àárọ̀, hospitù ńlá ni lálẹ́ yẹn, torí wíwú yẹn lè di ọ̀nà èémí.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú ọ̀rá dání, ẹ sọ BP yín, ṣúgà yín, oyún yín, oògùn tí ara yín ò gbà. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ṣúgà tàbí ọkàn, ẹ sọ fún un pé erìgì yín ń ṣẹ̀jẹ̀, bí kò bá tiẹ̀ bi yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe scaling, ìyẹn kí wọ́n bá yín ha ìdọ̀tí tó ti le lára eyín, ẹ gbà, kì í mú eyín mì. Eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ ni ìdọ̀tí gbígan yẹn ń dì mú, nígbà tí wọ́n bá ha á kúrò ló máa ń dà bíi pé híha yẹn ló jẹ́ kó máa mì. Ẹ̀yin tó wà lórí ètò ìbánigbófò ìlera, yálà OYSHIA ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí NHIA ti ìjọba àpapọ̀, ẹ bi wọ́n iṣẹ́ eyín tó wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ bèèrè ẹ̀ka eyín ní hospitù ńlá tó súnmọ́ yín, èyí tó bá kọjá agbára wọn, wọ́n á darí yín sí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ lo oògùn BP àti ti ṣúgà yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, ẹni tó lo ínsúlínì tí kò jẹun lè dákú lórí àga.